Iyọ̀ Inú Kànga Ìyá Aránṣọ

Bàbá Onígò ni wọ́n ń pè é, torí pé láti ọdún méje ni ìgò kì í ti í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Kó máa bu omi niṣẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á gba ẹ̀yìn òkìtì òkúta tí àwọn awakùsà kó dànù lọ, á bu omi nídìí òkìtì, á bu nínú odò. Á kọ́kọ́ fi omi náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, á ki ẹ̀rọ kékeré bọ̀ ọ́, á kọ iye iyọ̀ tó bá rí sínú ìwé. Ẹni tí iléeṣẹ́ ìwakùsà ń rán wá gba ìwé náà kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Òkúta tó ti sùn sábẹ́ ilẹ̀ láti ọjọ́ aláyé ti dáyé kò mọ òjò. Ìgbà tí wọ́n fọ́ ọ, tí wọ́n dà á síta, ni iyọ̀ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ bá omi lọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdí òkìtì á funfun báláú. Iṣẹ́ ìwakùsà parí, àwọn ará àdúgbò kó lọ, ilé méjì péré ló ṣẹ́ kù: tirẹ̀, àti ti Ìyá Aránṣọ, opó tó ti fẹ̀yìn tì nídìí máṣínnì.

Ìyàwó Bàbá Onígò ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń pè, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti jẹun?" wọ́n á sì gé fóònù kó tó dáhùn tán. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ló ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀, tó bá lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, ó tọ́ ọbẹ̀ wò, iyọ̀ hàn nínú rẹ̀, ó ní, "Ṣebí dókítà ní kẹ́ ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Iyọ̀ kẹ̀? Ó ti pé ọdún kan tí iyọ̀ ti wọlé yìí kẹ́yìn. Ọwọ́ mi ló dùn. Ẹ máa jẹun, àbí kí n gba abọ́ mi?"

"Ẹ̀jẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ó tún ga sí i. Dókítà ní mò ń jí iyọ̀ jẹ. Èmi àgbàlagbà, bí ológbò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ̀rín kú lẹ́nu Bàbá Onígò. Kànga obìnrin yìí kò sí lára ibi tí iléeṣẹ́ ní kó máa wọ̀n. Ọdún méje ló fi ń gbé ẹ̀rọ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi àgbá tí iléeṣẹ́ ń gbé wá fún un lòun fúnra rẹ̀ sì ń mu.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọn kànga náà. Iyọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti odò. Ó jókòó sétí kànga. Tó bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á dí kànga, ọmọ Ìyá Aránṣọ á wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ìlú. Tí kò bá kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹ̀rù àdánìkanwà bà á. Ó pa ìwé dé, ó lọ sílé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá Aránṣọ gbé abọ́ síwájú rẹ̀. "Mo dín ata kù nítorí inú yín."

Ó rọra ti abọ́ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ má mu omi kànga yín mọ́. Iyọ̀ ti wọ̀ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Obìnrin náà ń fi ìka kà á. "Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Mo mu ún lọ́jọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ ọ́, ẹ máa lọ ni."

Kò bínú. Ó gbé abọ́ kúrò, ó lọ di ẹrù tó máa gbé lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú.

Lẹ́yìn oṣù kan, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, fóònù dún. "Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ o," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kò gé fóònù. Ó dúró, ó ń retí ìdáhùn, Bàbá Onígò sì fa àga, ó jókòó.