Àwòrán Tó Ń Bọ̀ Láti Òkè-Oyì

Òórùn oògùn ìnulẹ̀ àti ti eruku gbígbóná tí ẹ̀rọ ń fẹ́ jáde ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré tí wọ́n kó ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, sí, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan nítòsí Challenge, ní Ìlọrin. Bí mo bá gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ níbòmíì lónìí, àtẹ́lẹwọ́ mi a bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ìwọ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, o mọ̀ pé iṣẹ́ wa kì í sábà dẹ́rù bani. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Wáyà kan ni mo wá pààrọ̀. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀, omi sì ti bo títì lọ́nà Òkè-Oyì, níbi tí ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀ka kékeré kan sí. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí dókítà àgbà wọlé, obìnrin ará Ọ̀mù-Àrán kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Òkè-Oyì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sì dá. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ dá irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ dúró rí. Ọkọ̀ tó lọ gbé aláìsàn ń wá ọ̀nà mìíràn gbà. Fóònù ò wọlé. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ni dókítà ti lè máa rí wọn, kó máa sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó máa ṣe, àwòrán náà sì ń dì, ohùn ń já.

Mo tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà ni mo rí lójú kọ̀ǹpútà, ó dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò. Ìlà íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ìwòsàn ń lò: àwòrán X-ray ń gbabẹ̀, iṣẹ́ àwọn akáúńtì ń gbabẹ̀, fídíò tí àwọn tó ń dúró de dókítà ń wò náà ń gbabẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún ráútà pé ọ̀kan nínú wọn ò lè dúró. Mo ní láti ya apá kan sọ́tọ̀ lórí ìlà náà fún àwòrán dókítà, kí ohunkóhun mìíràn má lè fọwọ́ kàn án, kí àwọn yòókù máa pín èyí tó kù.

Ti ọ̀dọ̀ wa ò pẹ́. Nọ́ọ̀sì ní òun ti ń gbọ́ dókítà dáadáa. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣì ń dì, torí ráútà ti Òkè-Oyì ló ń fi í ránṣẹ́. Mo ní láti wọ inú ráútà yẹn náà, orí ìlà kan náà ni mo sì máa gbà wọ̀ ọ́. Tí mo bá ṣi àṣẹ kan tẹ̀, àwòrán àti ohùn máa já. Mo kọ́kọ́ pàṣẹ fún un pé tí kò bá gbúròó mi, kó pa ara rẹ̀, kó tún tàn, kó padà sí bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n kó tó tàn tán, ẹ̀jẹ̀ ò ní dúró dè é.

Mo sọ ọ́ fún dókítà bó ṣe rí. Ó wá sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Tí o ò bá gbọ́ mi mọ́, má gbé ọwọ́ kúrò níbi tó wà. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Mò ń bọ̀ padà." Ìgbà náà ló yíjú sí mi. "Injiníà, ó yá, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo ka ohun tí mo kọ, mo tún un kà. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ojú kọ̀ǹpútà mi dúró. Lẹ́tà tí mo ń tẹ̀ ò jáde mọ́. Àwòrán ọ̀dọ̀ dókítà di dúdú, ohùn sì lọ. Mo gbọ́ bí òjò ṣe ń kán láti orí páànù, mo gbọ́ mímí dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń bi ara mi léèrè bóyá mo ti ṣi nọ́ńbà kan kọ. Ó ń ṣe mí bíi kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnì kan, mi ò sì mọ ẹni náà.

Àfi bí gbogbo lẹ́tà mi ṣe jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwòrán là, tó mọ́lẹ̀ débi pé mo yíjú kúrò. "Mo ti ń rí yín, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. Mo yára wọ́gi lé àṣẹ àtúntàn yẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í darí ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ti ń dín kù. Ó tún ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó ti dá, mà. Alihamudulilahi." Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ gbé ìyá àti ọmọ dé. Ọkọ obìnrin náà, àgbẹ̀ kan tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ń gbìyànjú láti fi fọ́tò ọmọ náà ránṣẹ́ sí ìyá tirẹ̀. Ó rí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, ó ń fà jù. Mo mọ ìdí tó fi ń fà. Èmi ni mo fà á sẹ́yìn. Mi ò sọ fún un. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo sì dúró tì í títí fọ́tò náà fi lọ.

Mo ti pín ìlà fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ látìgbà náà. Ọ̀gá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ pé kí n fún ní ibi tó fẹ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó bá pariwo jù. Èmi a wá bi wọ́n pé, nínú gbogbo yín, ta ni kò lè dúró? Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń jẹ́ kí wọ́n rín in tán, kí n tó tún un béèrè.