Ọjọ́ Tí Mo Pa Ẹ́ńjìnì Lórí Afárá

Mo rántí ìgbà tí jíìpù olóògbé ọkọ mi ṣì ń gba agbára kí ó tó dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá a dúró yóò gbé ìdí kúrò lórí àga, yóò sì fi gbogbo ara tẹ ìjánu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe kọ́ mi nígbà tí a ń gbé ní bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Ọ̀jọ́. Òun náà ló tún kọ́ mi pé bí mo bá ti dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí n pa ẹ́ńjìnì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀wọ́n ni epo.

Nígbà tí orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ọmọbìnrin mi àkọ́bí ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mo kọ̀. Èmi tí mo ti ń wa ọkọ̀ kí a tó bí i! Lẹ́yìn àríyànjiyàn, a fẹnu kò pé mẹkáníìkì wa ní Okokomaiko yóò so agolo irin ńlá kan, tí ó ń pè ní búúsítà, mọ́ ìdí ìjánu náà láti ran ẹsẹ̀ mi lọ́wọ́. A ó dán an wò. Bí ó bá kùnà, kọ́kọ́rọ́ di ti ọmọ mi.

Ní ọjọ́ náà, mẹkáníìkì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọmọ mi wà lẹ́yìn.

"Màmá, ìka ẹsẹ̀ kan ti tó o," ni mẹkáníìkì ń fọ́nnu. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ní ẹnu ọ̀nà ọgbà rẹ̀, mo tẹ ìjánu bí mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbagidi! Fìlà mẹkáníìkì fò lọ lu gíláàsì iwájú.

"Màmá! Ẹ̀sọ̀ ni mo wí, n ò ní kí ẹ pa wá!"

Ẹnu yà mí. Irin tí ó ti ń bá mi jìjàkadì láti ọjọ́ pípẹ́ ti rọ̀ bí òwú. Kí a tó dé afárá tí ó wà lọ́nà Ìbà, mo ti mọ̀ ọ́n lò, inú mi sì ń dùn bí ti ọmọge. Bí a ti gun afárá náà dé téńté, ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó lọ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́, ọkọ̀ ń yí lọ sísàlẹ̀.

Mo tẹ ìjánu, ó gbọ́. Mo tún un tẹ̀, ó gbọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, ó le bí òkúta! Nísàlẹ̀, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró, ìyá ọlọ́mọ kan sì ń gbé ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀.

"Ẹ pa ẹ́ńjìnì kẹ̀?" ni mẹkáníìkì kígbe. "Ta ló ń pa ẹ́ńjìnì lórí ìrìn? Òun ló ń fún búúsítà lágbára!"

Mo gbé ìdí kúrò lórí àga, mo sì fi gbogbo ara dúró lórí ìjánu náà, bí ọkọ mi ti kọ́ mi. Táyà ké, ọmọ mi ké pe Jésù. Ọkọ̀ dúró. Àlàfo tí ó kù láàárín àwa àti kẹ̀kẹ́ náà kò gba ewúrẹ́ kọjá.

Onímàrúwá bojú wẹ̀yìn. "Màmá àgbà, ṣé ẹ fẹ́ bá wa wọlé ni? Àyè ẹnì kan ló kù o!"

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú jíìpù. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo nà án sí ọmọ mi. Ó dá a padà sí mi lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ẹsẹ̀ tí mo ní ó ti rẹ̀ náà ló gbà wá yìí," ni ó wí. "Ẹ ṣáná sí ọkọ̀, ẹ wà wá délé. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní dá jáde mọ́."

Láti ọjọ́ náà, òun ni ó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí a bá ń lọ sí ilé ìjọsìn. Ohun tí ó ṣì ń yà mí lẹ́nu ni pé ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ fi pa wá, àti ohun tí ẹsẹ̀ mi fi gbà wá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kọ́ mi ní méjèèjì, ìfẹ́ sì ni ó fi kọ́ mi. Bí a bá ti gun afárá náà dé téńté, ọwọ́ ọ̀tún mi a tún gbéra díẹ̀. Ọmọ mi a wúkọ́ kékeré kan, ọwọ́ mi a sì padà sí àyè rẹ̀.