Igi Méjì Lẹ́yìn Táyà

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi dàgbà jù mí lọ, ó sì lágídí jù mí lọ. Òun ni a fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko wa ní ọ̀nà Igangan wá sí Igbó-Ọrà, ọkọ mi ni ó sì ń wà á. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Hándíbíréèkì ni kò ní. Ọ̀pá rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fà á, yóò kàn tẹ̀lé ọ wá ni, kò ní di ohunkóhun mú.

Ohun tí gbogbo onímọ́tò àdúgbò wa ń ṣe ni àwa náà ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá dúró níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹnì kan á bẹ́ sílẹ̀, á sì ti igi bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ìbejì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, wọ́n ń bá wa lọ sóko, wọ́n á jókòó sórí ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti sọ ara rẹ̀ di onígi. Lọ́jọ́ kan, mo rí i tí ó bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró tán, tí ó na ọwọ́ sábẹ́ táyà tí ó ṣì ń yí. Mo ní kí bàbá wọn wá nǹkan ṣe sí i.

Ó wá nǹkan ṣe sí i. Ní ọjọ́ kejì, ó gé igi mìíràn fún ìkejì rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ ṣe yìí?”

“Èyí tó kù ń sunkún. Ṣé o ò mọ̀ pé ohun tí a bá fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ fún èkejì ni?”

“Ẹ wá fẹ́ pín jàǹbá fún wọn lọ́gbọọgba?”

“Ẹ̀rù tìẹ ti pọ̀ jù. Ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dúró dáadáa.” Ẹ̀rín ni ó ń rín.

Mo lọ bá mọkálíìkì tí ó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ayé bàbá mi. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó mi orí.

“Ìyá Ìbejì, nígbà tí ọ̀kan nínú kébù méjì tó ń fa bíréèkì ẹ̀yìn já, èmi fúnra mi ni mo tú èkejì. Ó máa ń há. Ta ló ń lo hándíbíréèkì ní Ìbàràpá?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Ẹ wá igi tó lágbára.”

“Igi ni mo sá fún wá síbí.”

Ó gbà pé òun á wá. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó sọ fún mi lórí fóònù pé òun ti wà lójú ọ̀nà, tí mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu páànù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí ó dé, kébù kan ṣoṣo ni ó mú dání. Bẹ́ẹ̀, kébù méjì ni ó ń lọ sẹ́yìn, ọ̀kan sí táyà kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ fi èyí tí ó tú nígbà náà ṣe ìkejì, èyí tí ó ti nà, tí ó sì ti dógùn-ún.

“Èyí ṣì dára,” ó wí.

“Bí tuntun bá mú tí ti àtijọ́ kò mú, táyà kan ṣoṣo ló máa dúró.” Mo yíjú sí ọkọ mi tí ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. “Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ohun tí a bá fún ọ̀kan ńkọ́?”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mọkálíìkì gun ọ̀kadà padà lọ mú èkejì wá.

Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, ó ki kébù méjèèjì bọ ihò wọn, ó so orí wọn mọ́ irin tí ó pa wọ́n pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀, ó fún nọ́ọ̀tì, ó ní ó parí. Mo ní kí ó má tíì sọ jáàkì kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn: ti ọ̀tún ń yí fàà, ti òsì ń ha. Ó dẹ nọ́ọ̀tì. Mo fa ọ̀pá, ó ń ké kẹ́kẹ́kẹ́ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà mi kí táyà tó dúró. Mo ní kí ó fún un díẹ̀ sí i.

“Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin ni mọkálíìkì ni àbí èmi?”

“Ẹ̀yin ni mọkálíìkì. Èmi ni mo lọ́mọ.”

Ó fún un. Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé wa láìsí igi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi nìkan ló gbé e lọ sóko. Kò pẹ́ tí fóònù mi dún.

“Ìyá Ìbejì, hándíbíréèkì rẹ ti ń jó o! Mo ti ń bú ẹ́ńjìnnì láti ilé pé kò fà, àfi bí mo ṣe rí èéfín lẹ́yìn.”

“Ṣé ẹ tú u sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra?”

Ó ní, “Wọ́n tún máa ń tú u ni?”

A tún pe mọkálíìkì. Ó pààrọ̀ bíréèkì ẹ̀yìn tí ó ti jóná, ó tún kébù dì, ó sì ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ọkọ mi tún gbàgbé. Òórùn ni ó rán an létí.

Àwọn ọmọ ńkọ́? Bí bàbá wọn bá fa hándíbíréèkì, tí ọkọ̀ dúró gbagidi, wọ́n á ṣì bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wọn.

“Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ ti dúró ni?”

“Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni, Màámi.”

“Jẹ́ kí wọ́n fi kún un,” bàbá wọn wí, “kó lè dá wa lójú.”

Sùúrù mi tán. Mo gba igi méjèèjì, mo kó wọn sábẹ́ agbada tí mo fi ń yan gaàrí. Àwọn méjèèjì sunkún títí gaàrí fi gbẹ. Nígbà tí n kò lè fara da ẹkún wọn mọ́, mo fún wọn níṣẹ́ mìíràn. Àga iwájú gùn. Mo ní kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́, kí wọ́n wá jókòó sáàárín èmi àti bàbá wọn.

Ní báyìí, bí ó bá ti fẹ́ dúró, ọ̀kan á ké pé, “Bàbá, ẹ fà á!” Bí ó bá fẹ́ gbéra, èkejì á ké pé, “Bàbá, ẹ tú u!” Wọ́n tún ń jà, nítorí wọ́n ní títú dùn ju fífà lọ. Láti oko dé ilé, etí mi kì í sinmi. Ọkọ mi ní igi sàn ju èyí lọ.

Mo wo ọwọ́ mẹ́rin tí wọ́n tò sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo sì ní kí wọ́n ké sókè sí i, bàbá wọn ò gbọ́.