Mílíìkì Inú Fúláàsì

Àbúrò mi kò lò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bímọ tó fi kú. Obìnrin ni ọmọ tó fi sílẹ̀. Òkè Ọya ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sí bó ṣe lè gbé ọmọ ọwọ́ lọ síbẹ̀, ló bá bẹ̀ wá pé ká bá òun tọ́ ọ. Olódò ni mo ń gbé nígbà náà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò sì tíì lọ́kọ. Màámi kúrò ní abúlé wa ní Lágelú, wọ́n wá bá mi. Àpò aṣọ kan ni wọ́n gbé dání, àti aṣọ funfun ìjọ wọn tí wọ́n ká sínú ìdì kan.

Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wá, ó ní òun fẹ́ kọ́ wa bí a ó ṣe máa po mílíìkì rẹ̀. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé kí ló le níbẹ̀. Ṣebí omi àti ìyẹ̀fun ni. Ṣùgbọ́n Màámi sún àga wọn mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín," nọ́ọ̀sì wí. "Ife àti fídà ọmọ, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì sè wọ́n nínú omi. Omi tí ẹ máa fi po mílíìkì, ẹ jẹ́ kó hó dáadáa. Tí ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, ẹ má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí ẹ tó lò ó. Ó gbọ́dọ̀ ṣì gbóná."

"Ṣé kò ní jó ọmọ lẹ́nu?" Màámi béèrè.

"Kòkòrò lè wà nínú ìyẹ̀fun yẹn fúnra rẹ̀, Màmá. Omi gbígbóná ló ń pa á. Tí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ gbé e sínú omi tútù kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá kán an sí ọrùn ọwọ́ yín wò kí ẹ tó fún un."

Ó ní omi la ó kọ́kọ́ bù kí ìyẹ̀fun tó tẹ̀ lé e. Ó fi ṣíbí inú agolo mílíìkì bu ìyẹ̀fun, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú, ó ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára agolo ni ká ṣe é, ká má dín in, ká má fi kún un. Èyí tí ọmọ bá mu kù, ká dà á nù. Èyí tí a bá pò tí kò mu, tó bá ti pé wákàtí méjì, ká da òun náà nù. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sílé, Màámi ń ka gbogbo rẹ̀ lórí ìka ọwọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe é. Ọmọ á máa ké, sítóòfù á máa jó, Màámi á dúró ti kẹ́tùlù títí omi á fi hó. Kò sí igbe tó lè mú wọn kánjú.

Èmi ni mo kánjú. Nígbà tí ìsinmi ìgbà ọ̀fọ̀ tí wọ́n fún mi tán, tí mo fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, mo wò ó pé ọmọ ń ké jù kí omi tó hó, ojú Màámi ò sì ríran dáadáa mọ́ láti rí ìlà tó wà lára fídà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo po èyí tí yóò mu títí di ìgbà tí mo bá dé, mo dà á sínú fúláàsì, mo dé e.

Màámi ní, "Nọ́ọ̀sì ní ká máa pò ó nígbà tó bá fẹ́ mu ún ni."

"Màámi, fúláàsì ni. Kò ní tutù, ìdọ̀tí kankan ò sì lè wọ̀ ọ́. Ẹ kàn máa da ìwọ̀n tó bá fẹ́ mu."

Wọ́n wo fúláàsì náà, wọ́n wo ojú mi. "Ìwọ lo kàwé," ni wọ́n wí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́bọ̀ kan, mo ti ilé-ìwé dé, mo bá Màámi lórí ẹní, wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ó ti bì, ó sì ń ya ìgbẹ́ bí omi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwùjẹ̀ rẹ̀ ti jìn wọlé. Ó ń ké, omi ò jáde lójú rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n wá ojú iṣan rẹ̀ títí kí wọ́n tó rí ibi tí wọ́n á ti fa omi sí i lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ náà, obìnrin kan tó ń gbé ní Alákíà, ti dé bá wa níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ìwé rẹ̀ jáde.

"Ta ló ń fún ọmọ yìí ní mílíìkì?"

"Èmi ni," Màámi dáhùn.

"Omi wo lẹ fi ń pò ó, Màmá?"

"Omi kànga. Mo máa ń sè é."

Ìyá Alákíà bọ́ síwájú. "Omi àdúrà ńkọ́? Mo rí ìgò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì nígbà tí mo wá kí yín nílé. Màmá, omi yín yìí ló fẹ́ pa ọmọ wa."

Màámi kì í fi omi àdúrà po mílíìkì. Iwájú orí ọmọ ni wọ́n máa ń fi pa. Wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò bínú, wọn ò sì bẹ̀ mí. Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá màá sọ̀rọ̀ ni. Mo wo ilẹ̀.

"Èmi ni mo fún un," Màámi tún wí. "Ẹ má bínú, àna mi."

Lọ́jọ́ kejì, mo bá nọ́ọ̀sì náà ní kọ̀rọ̀. Mo ṣe bí ẹni pé aládùúgbò wa kan ni mò ń bi í léèrè fún, pé ṣé èèyàn lè po mílíìkì sínú fúláàsì.

"Rárá o," ló wí. "Ibi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kòkòrò ti ń pọ̀ sí i. Ẹ sọ fún un pé omi híhó nìkan ni kó dà sínú fúláàsì, kó gbé ìyẹ̀fun sọ́tọ̀, kó wá pò ó nígbà tọ́mọ bá fẹ́ mu. Tó bá jẹ́ pé iná ń wà dáadáa ní tiyín, tí fìríìjì sì tutù, ó lè tètè fi omi tútù mú ooru kúrò lára èyí tó pò, kó gbé e síbẹ̀, kó má ju ọjọ́ kan lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà sídìí ibùsùn ọmọ.

Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n ìyá Alákíà ní òun ò fẹ́ kí Màámi fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́, ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Màámi di ẹrù wọn. Mo sìn wọ́n dé ibùdókọ̀. Wọ́n ní kí n má gbàgbé pé kí agolo mílíìkì máa wà ní dídé, ní ibi tí kò lómi.

Ìgbà púpọ̀ ni mo lọ kí wọn ní abúlé lẹ́yìn náà. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbìyànjú. Wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ mílíìkì ọjọ́ yẹn..."

"Ṣebí ọmọ ń sáré kiri," wọ́n dá mi dúró. "Fa àwo yẹn wá."

Mo fa àwo náà. Ọdún yẹn ni wọ́n kú.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ilé-ìwé dé lọ́sàn-án, tí ilé dákẹ́, mo máa ń gbọ́ bí ọmọrí kẹ́tùlù ṣe ń mì nínú ilé ìdáná. Mo ti lọ wò ó títí ó fi sú mi. Sítóòfù á tutù, kẹ́tùlù á ṣófo. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mi ò ní wọlé, nítorí ó dá mi lójú pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń fara balẹ̀ dúró de omi.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ sí Alákíà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá náà. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Mo sọ fún wọn pé omi wọn fẹ́ pa ọmọ wa," ó wí.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ náà sì wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

Mo dìde, mo ń lọ.

Ọmọ náà ti wọ ilé-ìwé girama báyìí. Láìpẹ́ yìí ó wá kí mi nílé, ó ń fọ abọ́, ó ní wọ́n sọ fún òun pé omi àdúrà Màmá ló mú òun ṣàìsàn nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́. Mo sọ fún un pé èmi ni, kì í ṣe Màmá.

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Wọ́n mọ̀."

"Wọn ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá."

Ó fọ abọ́ rẹ̀ tán. Ó ní tó bá di Sátidé, òun fẹ́ lọ sí abúlé láti ro ojú oórì wọn. A lọ. Kò jẹ́ kí n bá a ro ó. Ó ń fa koríko, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi jókòó sẹ́yìn. Mo tẹ́tí títí, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ fún wọn.