Àpótí Íméèlì Sabina

Nígbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé, tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, àdírẹ́sì íméèlì kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo sáínbọ́ọ̀dù àwa atẹ̀wé ní òpópó wa ní Ṣómólú. Ti Sabina, tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ni. Òun ló kọ́kọ́ ṣí íméèlì láàárín wa. Bí a ṣe ń yá ẹ̀rọ tí a fi ń gé pépà lọ́wọ́ ara wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe sọ íméèlì rẹ̀ di ti gbogbo wa.

Àpótí íméèlì ayé ìgbà náà kò tóbi. Fọ́tò díẹ̀ ti kún un, bó bá sì ti kún, kò sí íméèlì tó tún lè wọlé. Òfin kan péré ni Sabina ṣe: bí fọ́tò kọ́sítọ́mà rẹ bá dé, lọ sí kàfé ní Fádèyí, gbé e sórí díìsìkì flọ́pì, kí o sì pa á rẹ́ kúrò nínú àpótí. Kí ló le níbẹ̀? Ṣùgbọ́n Moshood, atẹ̀wé kàlẹ́ńdà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Sabina, kò pa nǹkan kan rẹ́ rí.

“Bọ̀ọ̀dá Moshood, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kó ẹrù yín kúrò.”

“Sabina, o ti ń pariwo jù. Bóyá kọ́sítọ́mà á tún fẹ́ lò ó. Leave am jọ̀ọ́.”

Sabina á wá lọ jókòó ní kàfé, á máa gbá ìdọ̀tí onídọ̀tí.

Ìyá Sabina, ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà ní Bàrígà, kú lójijì. Ìyá náà kì í fẹ́ ya fọ́tò. Ẹyọ kan tó yà wà lọ́wọ́ Ọláyíwọlá, ẹ̀gbọ́n Sabina, tó ń ṣiṣẹ́ epo lórí òkun láti Warri. Ọláyíwọlá fẹ́ fi rán awakọ̀. Sabina kọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó lè sọnù. Ẹ fi ránṣẹ́ sí íméèlì mi, kí n lè fi sójú ìwé ìsìnkú rẹ̀.”

Ètò ìsìnkú kò jẹ́ kó ráyè dé kàfé lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Alhaji kan tó ń jẹ oyè fi fọ́tò rẹpẹtẹ ránṣẹ́ sí Moshood. Moshood mú ẹyọ kan fún kàlẹ́ńdà, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sìnkú, Ọláyíwọlá pè. “Sabina, mo fi ránṣẹ́ títí, ó ń padà ni. Wọ́n ní àpótí rẹ ti kún. Ọkọ̀ ojú omi wa ti ń gbéra lọ sórí òkun báyìí.”

Sabina sáré dé Fádèyí. Alhaji lórí ìjókòó, Alhaji lórí ìdúró, Alhaji ń rẹ́rìn-ín. Ó pa gbogbo wọn rẹ́, ó tún pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fóònù kò lọ mọ́.

Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù Moshood. Moshood ní, “Má bínú. Fi òdòdó síbẹ̀. Mo ní èyí tó rẹwà.”

Òdòdó! Sabina tó ti to fọ́tò ìyá gbogbo ayé sójú ìwé ìsìnkú!

Kò fi òdòdó síbẹ̀. Ó tẹ ìwé náà pẹ̀lú férémù òfìfo, orúkọ ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá ẹlẹ́ja yí ìwé síwá sẹ́yìn, wọ́n ní, “Sabina, fọ́tò ìyá rẹ dà?”

Sabina kò sunkún. Ó nawọ́ sí Moshood tó jókòó lẹ́yìn pátápátá.

“Ẹ bi wọ́n. Alhaji wọn ló jókòó sáyè ìyá mi.”