Ìyá Ará Ireland Tó Dàgbà Lójijì

Mo ti pinnu pé n kò ní kú kí àna mi, ìyá tó bí ìyàwó ọmọ mi, tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Òyìnbó ni, Marks Gate ní ìlú ọba níbí ló ń gbé. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ orúkọ mi gan-an ló ń pè mọ́ mi lójú, bí ẹni pé a jọ ṣeré òṣùpá.

Nígbà tí ìdílé méjèèjì kọ́kọ́ pàdé, ó béèrè ọjọ́ ìbí mi. Mo sọ òótọ́ fún un pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Bàbá mi ló lọ búra ọjọ́ orí fún mi ní kóòtù nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó gba makirofóònù, ó ní ọmọ òun ń lọ sínú ìdílé tí wọn kò ti mọ iye ọdún tí wọ́n jẹ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Èmi tí mo kọ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú ní ìtàn títí mo fi fẹ̀yìntì, mo jókòó, mo ń jẹ kéèkì.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Ireland. Ó fẹ́ gbé òkúta sórí sàréè ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀, ó kù kó mọ ọdún tí wọn yóò kọ sí i. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi nílé mi ní Rippleside, ojú rẹ̀ fà ro. Ìwé ìkànìyàn àtijọ́ méjì ló tẹ̀ jáde wá, ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Nínú àkọ́kọ́, ìyá náà jẹ́ ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Nínú èkejì, ọ̀kànléláàádọ́rin. Ọkọ kan náà, ilé kan náà, ọmọ kan náà. Àna mi ní ó ní láti jẹ́ pé ìyàwó àkọ́kọ́ kú, ọkọ sì fẹ́ ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

"Mi ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi," ó wí. "Mi ò lè lọ gbé òkúta lé ẹni ẹlẹ́ni lórí."

Mo ti mọ ìdáhùn kó tó dákẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé wa nílé, àbúrò rẹ̀ méjèèjì ló fẹ̀yìntì ṣáájú rẹ̀, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Mo ní màá sọ fún un, àmọ́ kó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì.

"Àforíjì kí ni?"

"Ti makirofóònù."

Kò gbàgbé. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó ní àwàdà ni. Mo rọ tíì sínú ife tèmi nìkan. Ó wo àwọn ìwé náà títí.

"Ó dáa. Má bínú. Kò yẹ kí n sọ ọ́ lójú gbogbo ayé."

Mo ní kó tún un wí, pé etí mi ti ń di. Etí mi kò ṣe nǹkan kan.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣàlàyé. Láàárín ìkànìyàn méjèèjì, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá ti pé àádọ́rin ọdún lówó. Ìwé ìbí kò sí. Tiwa, à ń bù nínú ọjọ́ orí kí iṣẹ́ má baà bọ́. Ìyá àgbà fi kún tirẹ̀ kó lè gba owó náà. Obìnrin kan ṣoṣo ni.

"Ṣé irọ́ ló pa ni?"

"Ó búra ni," mo dá a lóhùn.

Ó ní ìyẹn ni pé méjìléláàádọ́ta àkọ́kọ́ ni òótọ́. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Obìnrin tó ní ọkọ nílé, ṣé gbogbo ọdún rẹ̀ ni yóò kà fún akọ̀wé ìjọba?

Ó lọ sí Ireland, ó sì gbé òkúta náà sórí sàréè. Orúkọ àti ọdún ikú nìkan ló wà lára rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń tọ́jú ibojì béèrè ọdún tí wọ́n bí ìyá àgbà, òun sì ní wọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Kò rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín.