Mùkáílà Tó Ń Kíni Kó Tó Paná

Ọjọ́ tí ilé Ìyá Ṣùkúrátù jó ní Ìkòsí ni orúkọ Mùkáílà kan gbogbo Kétu. Èéfín ti bo òrùlé nígbà tí ọkọ̀ panápaná dé. Mùkáílà, ọ̀gá wọn, sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí akoto lórí, ó sì tẹríba fún ìyá onílé tó ń ju ara rẹ̀ kiri nílẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mummy. Ṣé dáadáa lẹ wà?"

"Dáadáa bíi ti báwo? Ilé mi ló ń jó yìí."

"Mo rí i, mà. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní Ògùdù."

"A dúpẹ́. Sílíńdà gáàsì yín ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì ló wà," ni ìyá náà dáhùn. Ó ti dìde jókòó.

Kelvin, tó ń ta fóònù lójú ọ̀nà, ti ń ya fídíò. "Ọ̀gá, na greeting we call you come do?"

"Ẹ bá wọn gbé àga wá," ni ẹnì kan fi kún un.

Wọ́n gbé sílíńdà jáde kó tó bú, wọ́n sì paná. Fídíò Kelvin kò dé ibẹ̀. Ìkíni nìkan ló wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀rín músẹ́ Mùkáílà.

Ẹ sáà mọ̀ wá. A fẹ́ kí panápaná rí gbọọrọ, kó máa sáré, kó máa pariwo. Mùkáílà ní ikùn, bọ́tìnnì rẹ̀ kì í sì í pa dé. Ní Owódé Onírin, bàbá kan tó ń ta irin wò ó tokè délẹ̀, ó bi í pé ìgbà wo ni àwọn panápaná gan-an ń bọ̀.

"Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn, sà," ló fèsì, ó sì gun àkàbà lọ.

Ọdún mẹ́fà ni Wàsíù fi di rọ́bà omi mú lẹ́yìn rẹ̀. Òun ló mọ ìdí ìkíni yẹn. Mùkáílà ti kọ́ ọ pé ẹni tí jìnnìjìnnì bá kì í gbọ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n bí o bá kí i, ẹnu rẹ̀ á dáhùn fúnra rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e.

Nígbà tí fídíò náà tàn kálẹ̀, iléeṣẹ́ ní kí Wàsíù kọ ohun tó rí. Ẹ̀rù bà á kí iṣẹ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ẹ̀sín fídíò náà sì ń tì í. Ó kọ ọ́ pé, "Ọ̀gá kọ́kọ́ kí ìyá náà kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Kò kọ ìdí rẹ̀. Wọ́n mú Mùkáílà kúrò lórí ọkọ̀, wọ́n ní kó lọ máa ṣọ́ yàrá tí wọ́n ń kó bàtà sí. Láàárín oṣù mẹ́ta, ikọ́ tí èéfín ti fi sí i láyà tipẹ́ pa á. Ó dun gbogbo wa.

Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Wàsíù dúró títí èrò fi dín kù, ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú Hàlímátù, ìyàwó olóògbé.

"Mummy, èmi ni mo kọ̀wé yẹn."

"Mo mọ̀. Daddy Aliyah mú ẹ̀dà rẹ̀ wálé láti iléeṣẹ́. Wọ́n kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ìkọ̀wé rẹ ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wàsíù, kò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

"Wọn ò bínú sí mi?"

"Wọ́n bínú. Ọjọ́ méjì ni wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ mi, ìwọ náà sì mọ̀ wọ́n." Obìnrin náà nu ojú. "Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ẹ̀rù ló bà ọ́, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bú ọ nínú ilé yìí. Wọ́n ní wàá wá. Láti ọjọ́ tá a ti sin wọ́n ni mo ti ń retí rẹ."

Ó sún lórí ẹní, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.